Gíríìsì Kì Í Ṣe Oògùn

Nígbà tí dókítà sọ fún Nùrẹ́nì pé irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ni ọkùnrin náà bú sí. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Sango Ọ̀tà, láti ọjọ́ tó ti gbé báàgì kan ṣoṣo wá láti Ìkìrun. Irin ló ń gbé, irin ló ń gé, èéfín irin ló ń fà símú, eruku irin ló sì ń gbé wọlé, débi pé Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé bí òun bá fẹ́ ta ọkọ òun, àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò ni òun máa pè.

Dókítà náà kò bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọdébìnrin ni lójú Nùrẹ́nì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, nítorí èrò tó wà ní ọsibítù lọ́jọ́ náà pọ̀ ju àga lọ. Ó ṣàlàyé pé iye ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá yẹ kó kọjá ogójì. Ti Nùrẹ́nì jẹ́ mọ́kànlélógún péré. Ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀ tó ti tẹ̀ wọnú bíi ṣíbí. Ó wá bi í bóyá nǹkan kan wà tó máa ń wù ú jẹ ṣáá. Nùrẹ́nì kọ́kọ́ tijú kó tó jẹ́wọ́ pé omi dídì ni. Píọ̀ wọ́tà tó bá ti dì gbagidi ni òun máa ń fi eyín fọ́ jẹ, mẹ́fà, méje lóòjọ́, òun ò sì mọ ohun tó fà á. Dókítà kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ní obìnrin ló ń ṣe nǹkan oṣù. Bí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin bá wálẹ̀ tó báyìí, ó ṣeé ṣe kí ibì kan máa jò nínú ikùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ki kámẹ́rà kékeré gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ wọlé láti wá ibẹ̀, ìyẹn sì ju agbára ọsibítù àwọn lọ. Dókítà àgbà tó ń ṣe é wà l'Ábẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti wà lórí ìlà níwájú rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n rí gbà fún Nùrẹ́nì ni ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá. Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n wà nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ni yóò fi dúró, pẹ̀lú ikùn tó ń jò.

Kó tó kọ ìwé oògùn fún un, ó bi í ní ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi gbogbo aláìsàn.

"Sà, ṣé ẹ máa ń lo oògùn kankan nílé?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Nùrẹ́nì lára. Ó rò pé àgbo ni obìnrin náà ń wí, tàbí nǹkan tí wọ́n ń sín ní gbẹ́rẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ń rán mọ́ awọ. Ẹni tó ń gbá mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀ n'Ìjòkò ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni ọmọdé ń bi bẹ́ẹ̀.

"Rárá o," ló dáhùn. "Mùsùlùmí ni mí. Mi ò kì í lo oògùn."

Dókítà kọ "rárá" sínú fáìlì. Bẹ́ẹ̀, gíríìsì ọjọ́ náà wà nínú àpò ṣòkòtò Nùrẹ́nì bó ṣe jókòó síbẹ̀, wọ́n dì í sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n sì ta á ní kókó.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń jẹ́ gíríìsì. Lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ náà, obìnrin kan wà tó máa ń gbé ike oògùn rẹ̀ sórí àpótí láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Oríṣi hóró oògùn ìrora márùn-ún ló ń tà, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ ìkankan nínú wọn, bóyá òun fúnra rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n. Á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á dà wọ́n pọ̀ sínú ọ̀rá, á ta á. Ní gáréèjì, kọmbinéṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ irin ló sọ ọ́ ní gíríìsì, nítorí pé ẹ̀rọ tí wọn ò bá fi gíríìsì sí á máa han, ẹ̀yìn tó bá ń gbé irin láti àárọ̀ náà á sì máa han. "Ṣé o ti fi gíríìsì sí i?" ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Ọdún mọ́kànlá ni Nùrẹ́nì ti ń gbé e mì láràárọ̀ kó tó wọ ìbọ̀wọ́, lọ́pọ̀ ìgbà láìtíì jẹun. Lójú rẹ̀, òun àti ìbọ̀wọ́ náà ò yàtọ̀ síra. Irinṣẹ́ ni méjèèjì.

Èmi ò lè dá a lẹ́bi tán. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni, èdè ẹni ló yẹ kó fi béèrè.

Nọ́ọ̀sì tó fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ kìlọ̀ fún un pé ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú, kó má bẹ̀rù, irin inú oògùn náà ló ń fà á. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú ni pé ìgbẹ́ Nùrẹ́nì ti ń dúdú kó tó gbé hóró kan mì. Ṣùgbọ́n ilé oníyàrá mẹ́wàá ló ń gbé, ṣálángá kan ló wà fún gbogbo wọn, àwọn èèyàn sì máa ń kan ilẹ̀kùn kí èèyàn tó lọ́sọ̀ọ́ tán. Ta ló ń dúró wo inú ṣálángá? Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó. Nígbà tó sì rí i pé ó dúdú, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mùíbátù náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Láràárọ̀ ló ń po mọ́ọ̀tì pọ̀ mọ́ mílíìkì, ife ńlá kan, tí ọkọ rẹ̀ á fi lé oògùn náà wọlé, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé mílíìkì kì í jẹ́ kí ara rí irin inú oògùn gbà dáadáa. Pẹ̀lú ìfẹ́ ló ń pò ó, á sì dúró tì í títí á fi mu ún tán.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa dé àárín, Nùrẹ́nì ò lè gun àtẹ̀gùn ilé ìléru láìdúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kìkì nínú etí ara rẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ó sì mọ̀ pé ẹni tí kò bá lè gbé irin mọ́, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró, àwọn ọ̀dọ́ láti Igbesa àti Alapoti sì ń tò sí géètì láràárọ̀ tí wọ́n ń wá iṣẹ́. Ó fẹ́ dé ọjọ́ kẹtàlá pẹ̀lú iṣẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà ló ṣe sọ gíríìsì di méjì lóòjọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́. Inú rẹ̀ tó máa ń jó o náà dákẹ́, ó sì pe ìyẹn ní àlàáfíà.

Àmọ̀dá ló ń bá a gbé ìdajì ẹrù rẹ̀. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Àmọ̀dá, ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kéré sí i, ó sì ní ìdí tó fi ń ṣe é. Nínú ilé ìléru, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn. Bí ewu bá ń bọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á fi irin lu irin lẹ́ẹ̀mẹta: kán, kán, kán. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ, ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á jù ú sílẹ̀, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, á sì fẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi kan ògiri. Kò gbọ́dọ̀ béèrè ìdí. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, Nùrẹ́nì lu irin lẹ́ẹ̀mẹta, Àmọ̀dá fẹ̀yìn rìn, ṣéènì tó gbé irin gbígbóná já, ó sì balẹ̀ síbi tó ti dúró. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe Nùrẹ́nì ní ẹ̀gbọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn, Nùrẹ́nì ń fọ́ omi dídì rẹ̀ lẹ́nu, ó wá ń sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí nípa ìgbẹ́ dúdú. Ẹ̀rín pa Àmọ̀dá.

"Ẹ̀gbọ́n, tèmi náà dúdú bí ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ n ò gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ kankan mì. Bóyá irin tí à ń fà símú ló yà sọ́dọ̀ mi tó sì gbàgbé tiyín."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, oníkálukú wọn tú ọ̀rá gíríìsì rẹ̀, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tán ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ti sọ fún Nùrẹ́nì pé kó padà wá gba òmíràn, ṣùgbọ́n ó wo inú ṣálángá, ó sì rí i pé ó ṣì ń dúdú. Ó rò ó, ó ní bí oògùn bá ṣì ń jáde, á jẹ́ pé oògùn ṣì wà nínú. Kí ló wá ń gba òmíràn fún? Àárín oṣù kẹwàá ni Mùíbátù rí páálí òfìfo náà lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Bàbá Nàfísátù, oògùn yín ti tán."

"Ó ti tán. Àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́."

"Láti ìgbà wo ló ti tán?"

Ó sọ fún un. Mùíbátù ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Nùrẹ́nì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ létí, inú bí i, nítorí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́ rò ni ìyàwó rẹ̀ ń rò yẹn. Mùíbátù ní kí wọ́n padà sí ọsibítù. Ó ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Nùrẹ́nì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló kù, dókítà àgbà ń bọ̀ wá fi ojú rí ohun gbogbo, bí òun bá sì tún gba ààyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, òun ò ní bá iṣẹ́ náà mọ́. Ó fa kàlẹ́ńdà mọ́sáláṣí yọ, ó fi bírò fagi lé ọjọ́ tó kọjá, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ṣùgbọ́n òórùn kan wà tí kò sọ fún un. Àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ẹnì kan ń ba ṣálángá jẹ́. Nùrẹ́nì mọ òórùn náà. Ìgbà kan, irin gé ọmọkùnrin kan lápá ní ilé iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà sórí irin tó ṣì gbóná, gbogbo wọn sì gbọ́ òórùn rẹ̀ títí wọ́n fi ṣíwọ́. Ohun tó ń gbọ́ nínú ṣálángá jọ ọ́. Ẹ̀rù bà á débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í di imú rẹ̀ kó tó wọlé, kó má baà mọ ohun tó ti mọ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Àárọ̀ ọjọ́ náà, ó dé ẹnu géètì, ó na ọwọ́, obìnrin olóògùn fi gíríìsì sí i lọ́wọ́, ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ dé. Ilẹ̀ yí. Ohun tó bì dúdú bí èédú tí wọ́n rẹ sómi, ó sì wó lé ike oògùn náà lórí. Hóró funfun, hóró pupa, hóró yẹ́lò fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà ń ṣa wọ́n, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó sáré dé pé ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí ò tíì gbé ohunkóhun tòun mì lónìí. Àmọ̀dá ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá.

Mọ́kànlá ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ọsibítù. Báàgì ẹ̀jẹ̀ ẹyọ kan tó bá tirẹ̀ mu ni wọ́n ní nílẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́. Ti Mùíbátù ò bá a mu. Ti Àmọ̀dá bá a mu, ó ní òun á gbé iṣẹ́ kalẹ̀ níbi iṣẹ́, òun ń padà bọ̀ lọ́sàn-án láti wá fún un. Nígbà tí ojú Nùrẹ́nì là, dókítà ọjọ́ kìíní ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sà, èyí ni wọ́n bá nínú ọwọ́ yín. Kí ni?"

"Gíríìsì ni."

Dókítà ò gbọ́ ọ yé. Mùíbátù, tó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ló ṣàlàyé, ó sì sọ pé ọdún mọ́kànlá. Dókítà tú ọ̀rá, ó da hóró márààrún sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi ìka tò wọ́n.

"Mo bi yín bóyá ẹ ń lo oògùn. Ẹ ní rárá."

"Oògùn lẹ bi mí," ni Nùrẹ́nì wí, ohùn rẹ̀ ò jáde tán. "Ẹ ò bi mí ní gíríìsì."

Dókítà ò bínú, ìyẹn ló ba Nùrẹ́nì lẹ́rù jù. Ó jókòó, ó sì sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Mẹ́ta nínú hóró márùn-ún yìí, nígbà tí èèyàn bá ń gbé wọn mì lójoojúmọ́ sí inú òfìfo, wọ́n máa ń jẹ ikùn ní ọgbẹ́. Wọ́n á dá ọgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì pa ìrora tó yẹ kó kìlọ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló ń yà láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gba inú kọjá, dúdú ló ń jáde. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, àpò ṣòkòtò ara rẹ̀ ni Nùrẹ́nì sì ń gbé tirẹ̀ sí. Ó ní àwọn ti bá Abẹ́òkúta sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà láti rí i ní kíá, láìdúró de ọjọ́ kẹtàlá. Ṣùgbọ́n báàgì kan yìí kò lè gbé e dé Abẹ́òkúta. Bí èkejì bá wọlé, wọ́n á gbé e lọ nírọ̀lẹ́. Bí kò bá wọlé, òun ò lè ṣèlérí ohunkóhun.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àmọ̀dá dé. Mùíbátù ti lọ gba ìwé tí wọ́n máa fi gbé e lọ. Kọ́tìnnì kan ló pín bẹ́ẹ̀dì Nùrẹ́nì níyà sí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì ń gbọ́. Ó gbọ́ tí wọ́n tẹ ìka Àmọ̀dá, tí nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ àmọ́ ó tó, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́. Ó gbọ́ tó bi í lọ́jọ́ orí, tó bi í bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìbéèrè yẹn.

"Ṣé ẹ máa ń lo oògùn kankan?"

"Rárá o," ni Àmọ̀dá wí. "Èmi ò kì í lo oògùn."

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Nùrẹ́nì rántí ọ̀rọ̀ orí àtẹ̀gùn. Dúdú bí ọ̀dà, Àmọ̀dá ti wí, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Ikùn Àmọ̀dá náà ń jò, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tó lè fún ẹnikẹ́ni. Ó yí ojú sókè, ó wo báàgì tó so kọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó kù níbẹ̀ ò ju ìka méjì lọ. Èkejì wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, nínú apá ọmọkùnrin tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, ohun kan ṣoṣo tí Nùrẹ́nì sì ní láti ṣe kó tó rí i gbà ni kó dákẹ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dákẹ́. Ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ apá Àmọ̀dá. Ó gbọ́ tó ń já bébà ara abẹ́rẹ́. Ó ronú kan Nàfísátù ọmọ rẹ̀ tó ń múra ìdánwò, ó ronú kan Mùíbátù àti ife mọ́ọ̀tì rẹ̀, ẹ̀mí sì dùn mọ́ ọn gan-an.

Lẹ́yìn náà ló la ẹnu láti pe Àmọ̀dá, ohùn ò sì jáde. Ó tún gbìyànjú. Èémí lásán ló bọ́ sílẹ̀. Lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣíbí tí Mùíbátù fi fún un ní ògì wà nínú abọ́. Ó na ọwọ́, ó mú un, ó sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju gbogbo irin tó ti gbé rí lọ. Ó fi lu irin bẹ́ẹ̀dì. Kán. Ó mí. Kán. Apá rẹ̀ wálẹ̀, ó rò pé ó ti tán. Ó tún gbé e. Kán.

Àga kan wó lẹ́yìn kọ́tìnnì. Nọ́ọ̀sì kígbe, ó sì fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ̀dá wà ní ìdúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kan ògiri, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, rọ́bà ṣì wà lápá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wá ohun tó ń já bọ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó wá wo Nùrẹ́nì. Nùrẹ́nì fi ẹnu júwe àpò ṣòkòtò Àmọ̀dá.

Ó pẹ́ kí Àmọ̀dá tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ọ̀rá kékeré tí wọ́n ta ní kókó jáde, ó nà án sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ọ̀rá náà, ó wo irú rẹ̀ tí dókítà gbé sórí fáìlì Nùrẹ́nì, ó sì dá abẹ́rẹ́ padà sínú àwo.

Nùrẹ́nì jọ̀wọ́ ṣíbí náà, ó dùbúlẹ̀ padà. Ó ń wo báàgì bó ṣe ń kán, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń bi Àmọ̀dá bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú.